Orúkọ Tí Ìyá Múdàṣírù Kò Fẹ́ Pè Mọ́

Bí wọ́n bá ní kí n sọ irú ẹni tí Múdàṣírù jẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé alágídí ni. Ẹni tó bá ti kú ni aráyé máa ń sọ di ẹni rere, èmi kò sí nínú ìyẹn. Alágídí ni, ó máa ń jẹ ẹ̀pà sórí kíbọ́ọ̀dù, ó sì lè bá ènìyàn jiyàn títí itọ́ yóò fi gbẹ lẹ́nu onítọ̀hún. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ikú rẹ̀ ń dùn mí títí di òní.

Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1997, níbi tí a ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí a sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Èmi Amos, ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni mí. Ọkọ̀ kan náà ni a jọ ń wọ̀ lọ sílé nírọ̀lẹ́, òun á bọ́ sílẹ̀ ní Ìlobù, èmi á máa lọ. Ìlobù ni ilé bàbá rẹ̀, Ìfọ́n ni ilé ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì yìí ti mọ ibi tí mo ń lọ. Kí wọ́n tó bí bàbá wa ni wọ́n ti ń fà á. Síbẹ̀ wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń bímọ fún ara wọn, wọ́n ń ná ọjà kan náà. Ìgbà tí inú bá bí wọn ni wọ́n máa ń gbàgbé pé àna ara wọn ni wọ́n.

Mọ́ríátù ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ kúkú mọ̀ pé ní ilé ọkọ, obìnrin kì í pe ẹni tó bá bá níbẹ̀ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Orúkọ mìíràn ni yóò wá fún wọn, èyí tó wù ú tó sì yẹ wọ́n, òun ni yóò sì máa fi pè wọ́n títí ayé. Nígbà tí Mọ́ríátù dé Ìlobù, mẹ́rin ni ó bá nínú ọmọ ìyá ọkọ rẹ̀. Àgbà wọn mọ ìwé kọ, ó pè é ní Akọ̀wé. Èkejì dúdú, ó ń dán, ó di Adúmáadán. Obìnrin ni ẹ̀kẹta, Ìbàdíàrán ni ìyẹn. Àbíkẹ́yìn wọn, Oyèwùmí, ọmọ kéékèèké tó ń ti ilé kéwú bọ̀ ni nígbà náà. Ẹkún ilé ni ìyàwó tuntun ń sun, ọmọ yìí ni ó sì máa ń jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa pa ìtàn tí kò lórí tí kò nídìí fún un títí yóò fi rẹ́rìn-ín. Abánigbélé ni ó sọ ọ́. Bí ó bá ti kúnlẹ̀ tó ní, “Abánigbélé, ẹ káàárọ̀ o,” òun náà á ní, “Ìyàwó mi.” Ọmọ náà di àgbàlagbà, ó hu ewú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ó di olórí ilé. Ìkíni yẹn kò yí padà. Ọkọ Mọ́ríátù pàápàá kú, kò yí padà.

Dúró, ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kàwé ní Jámánì, ni ó kó wàhálà Linux bá wa. Ó fi sídíì kan ránṣẹ́. Linux ni ètò tí ènìyàn lè fi darí kọ̀ǹpútà láìra Windows, gbogbo bí wọ́n sì ṣe kọ ọ́ ló wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ tún un kọ. Orí Múdà yá. Ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, ó gbé e sí igun ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kánẹ̀lì tirẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ilé. Kánẹ̀lì ni ìdí Linux gan-an. Òun ni ó ń bá dísìkì, mẹ́mórì àti kíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo wọn. Èyí tó wà nínú sídíì wúwo jù fún ẹ̀rọ arúgbó yẹn, ohun tí a kò ní ló kún inú rẹ̀. Múdà á yọ èyí, á fi tọ̀hún sílẹ̀, á ní kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni. Bí ó bá ku díẹ̀ kó parí, Nẹ́pà á mú iná lọ. Múdà á jókòó, á máa wo gílóòbù bí ẹni ń wá oṣù ààwẹ̀.

Nígbà tó kọ́kọ́ parí, ẹ̀rọ náà tàn, ó to ìlà funfun díẹ̀ sójú, ó sì kọ ọ́ gbàgàdà pé ìpáyà ti bá kánẹ̀lì, òun kò lè lọ mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Kánẹ̀lì ọmọ ojo!” Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi wọkọ̀. Nígbà tó yá, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó kọ́ ọ títí tí odidi kánẹ̀lì fi wọnú fílọ́pì kan ṣoṣo, dísìkì pẹlẹbẹ tó wọ àpò ẹ̀wù. Mo bi í pé kí ni èrè rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó wà nínú nǹkan tí òun ń lò. Ìwà rẹ̀ nìyẹn, ohun tó sì mú un dé ọ̀rọ̀ oko ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Oko kan wà ní ààlà tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ayin. Ìyá rẹ̀ jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tó bí i. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ wo ilẹ̀ Ìlobù, èkejì wo ti Ìfọ́n, àwọn ọ̀dọ́ ìlú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé obìnrin kò ní ilẹ̀ níbẹ̀. Múdà fẹ́ mọ òótọ́ kí àwọn àgbà tó kú tán. Ó gbé rẹ́kọ́dà, ó lọ bá Oyèwùmí, àbúrò bàbá rẹ̀. Bàbá náà kọ̀, ó kọ̀, ó wá gbà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ sínú káséètì. Ṣùgbọ́n bó ṣe parí ni ẹ̀rù bà á. Ó ní, “Àwọn ọmọ wa bá gbọ́ èyí, wọn á ní mo ta ilẹ̀. Tì í pa. Bí mo bá kú, kí o ṣí i.” Múdà ṣèlérí. Ó da ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà, ó padà lọ sí Ìlobù, ó sì sun káséètì náà lójú bàbá.

Ìgbà yẹn ni ó wá wá bí a ṣe ń ti dísìkì pa. Kì í ṣe pásíwọ̀ọ̀dù ẹnu ọ̀nà lásán, nítorí ẹni tó bá yọ dísìkì náà sínú kọ̀ǹpútà mìíràn á rí ohun gbogbo. Èyí tí Múdà fẹ́ ni pé kí ohun tó wà nínú rẹ̀ pò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò ní pásíwọ̀ọ̀dù yóò kàn máa rí pàǹtí. Linux tó wà nínú sídíì kò ní irú rẹ̀, nítorí òfin Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí wọ́n kó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn kan ní ilẹ̀ mìíràn ni ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àlẹ̀mọ́. Dúró fi í ránṣẹ́, Múdà lẹ̀ ẹ́ mọ́ kánẹ̀lì rẹ̀, ó sì tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àlẹ̀mọ́ náà ń bá kánẹ̀lì jà, Múdà ń tú u palẹ̀, ó ń tún un tò. Nígbà tó ṣiṣẹ́, ó jó yí ṣọ́ọ̀bù ká, ọ̀gá wa Ọládèjì ń bú u pé ó ń da ìwé oníbàárà nù.

Múdà gbé fílọ́pì náà sínú dúrọ́ọ̀ mi. Ó ní láìsí kánẹ̀lì inú rẹ̀, dísìkì tí òun ti ohùn bàbá mọ́ kò ní mọ ara rẹ̀.

Mo ní, “Pásíwọ̀ọ̀dù ńkọ́?”

Ó ní, “Ọwọ́ ìyá mi ló wà, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Orúkọ tó fún àwọn ọkọ rẹ̀ ni, láti àgbà dé kékeré. Ta ló máa rò ó kàn? Olè kì í kúnlẹ̀ kí ará ilé.”

Mo ní ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú.

Ìjà dé ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀ lé e. N kò ní ròyìn rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí ilé ṣe ń jó kó lọ bá ẹlòmíràn. Láti ṣọ́ọ̀bù ni Múdà ti gbọ́. Ó ní òun ń lọ gbé ìyá òun jáde. Mo dì í mú, ó já ara rẹ̀ gbà. Ìbọn bà á ní ojú ọ̀nà, láàárín ìlú méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìhà tí ìbọn náà ti wá. Ọmọ ìhà méjèèjì ni. Oyèwùmí ni ó lọ gbé òkú rẹ̀. Ọ̀nà ilé ti dí, oòrùn sì mú, oko Ìdí-Ayin ló sin ín sí, òun àti ààfáà àlejò kan tó ti bá tirẹ̀ lọ.

Ọkùnrin yìí kan náà ni ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wá bèèrè ẹni tó jẹ́ ọmọ Ìfọ́n nínú ilé. Mọ́ríátù ti lo ogójì ọdún níbẹ̀. Opó ni, ó sì ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Abánigbélé, ẹ gbà mí.” Oyèwùmí wo ilẹ̀. Ó ní, “Obìnrin yìí kì í ṣe ara wa. Kó ẹrù rẹ.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe padà sí Ìfọ́n, sí ilé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sí yàrá tí wọ́n ń kó iṣu sí. Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, àwọn ará ilé Oyèwùmí ti gba oko náà, wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ sí i, wọn kò sì jẹ́ kí ará Ìfọ́n kankan tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mọ́ríátù kò bèèrè ẹ̀gẹ́, kò bèèrè oko. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i: ó fẹ́ dé ibojì ọmọ rẹ̀.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kékeré kan kalẹ̀ ní Òṣogbo tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn oko ààlà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò wúlò níwájú wọn, gbogbo ènìyàn ló ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo rántí dísìkì náà. Ẹ lè sọ pé Múdà ti ṣèlérí pé ó di ìgbà tí bàbá bá kú. Ẹni tó lé ìyá olùṣèlérí jáde kò ní ìlérí lọ́wọ́ mi.

Mo lọ bá Mọ́ríátù ní Ìfọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ ọ yékéyéké. Ó ní, “Akọ̀wé.” Ó ní, “Adúmáadán.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Ìbàdíàrán, Ọlọ́run kẹ́ ẹ.”

Mo ní, “Ó ku ọ̀kan, Ìyá.”

“Ó parí.”

“Mẹ́rin ni wọ́n, mà.”

“Ta ló bá mi gbélé, Amos?” Ojú rẹ̀ pọ́n. “Ẹnu tí mo fi pè é, tí ó wá ń wo ilẹ̀, ẹnu yẹn kò ní pè é mọ́. Kí n tó pè é, kí n kú.”

Èmi kò mọ orúkọ náà nígbà yẹn, Múdà kò pè é létí mi rí. Mo fi ibínú wọkọ̀ lọ sí Ìlobù. Ará Ẹ̀rìn ni mí, wọn kò ní ìjà pẹ̀lú mi. Ìyàwó kékeré ilé Oyèwùmí, Aishat, ni mo kọ́kọ́ bi léèrè. Ó wo ẹ̀yìn, ó ní wọ́n ti kà á léèwọ̀ fún àwọn ìyàwó ilé pé wọn kò gbọdọ̀ fi orúkọ tí obìnrin Ìfọ́n sọ ẹnikẹ́ni pè é mọ́. Oyèwùmí fúnra rẹ̀ jáde sí wa. Mo kí i, mo bi í.

Ó ní, “Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni mo ń jẹ́. Kí ló gbé ọ dé ilé mi?”

Ó mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rántí ohun tó ní kí Múdà tì pa, ó sì fura sí ohun tí orúkọ náà yóò ṣí. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ki fílọ́pì bọ kọ̀ǹpútà àlòkù náà, kánẹ̀lì Múdà dìde láìkọsẹ̀, ó bèèrè pásíwọ̀ọ̀dù. Mo mọ bó ṣe máa ń tẹ ọ̀rọ̀, láìsí àmì, láìsí àlàfo. Mo fi orúkọ mẹ́ta gbìyànjú. Mo fi gbogbo ohun tí ó bá wá sí mi lọ́kàn ṣe ìkẹrin. Pàǹtí ni. Mo bú Múdà nínú ikú rẹ̀, mo sì sunkún sórí kíbọ́ọ̀dù.

Nígbà tí ìjókòó ìgbìmọ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, Mọ́ríátù wá bá mi fúnra rẹ̀. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó jókòó sórí àga tí ọmọ rẹ̀ máa ń jókòó lé.

Ó ní, “Bí mo bá kú báyìí, mi ò ní mọ ibi tí ọmọ mi wà. Kọ ọ́ sílẹ̀. Abánigbélé.”

Ó pè é bí ẹni ń tu egungun ẹja. Mo tẹ̀ ẹ́. Dísìkì náà ṣí.

Ohùn Múdà ló kọ́kọ́ jáde: “Ṣé ẹ ti jókòó dáadáa, Bàbá?” Ìyá rẹ̀ fi etí gèlè bo ẹnu. Ó ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Ó tún ní kí n dá a padà. Gbólóhùn kan yẹn la ń gbọ́ ṣáá, Ọládèjì sì ti jáde lọ dúró ní ìta, kò lè wò wá. Ó pẹ́ kí ó tó gbà kí n jẹ́ kó kọjá sí ti Oyèwùmí: “Láti ìdí ayin dé etí odò, ti bàbá ìyàwó mi ni. A kò bá wọn pín in rí. Bàbá wa ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi.”

A gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí iwájú ìgbìmọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wá láti ìlú méjèèjì, wọ́n jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohùn náà jáde ketekete. Ariwo sọ. Oyèwùmí dìde nínú agbádá funfun, ó dúró ṣinṣin.

Ó ní, “Èmi kọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ sì lè sọ ohunkóhun. Ẹ bi wọ́n, ta ni wọ́n ń pè ní ìyàwó mi? Èmi kò ní ìyàwó kankan ní Ìfọ́n.”

Àwọn ìgbìmọ̀ wo ara wọn. Àwa tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, torí kò sí bí mo ṣe lè fi ohùn hàn pé ohùn ẹni kan ni. Alága ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ. Mọ́ríátù dìde ní ẹ̀gbẹ́ mi. Ó rin dé iwájú Oyèwùmí, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ń dùn ún. Ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń kí i ní gbogbo àárọ̀ ayé rẹ̀:

“Abánigbélé, ẹ káàárọ̀ o.”

“Ìyàwó mi,” ni Oyèwùmí wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ ni, kò yàtọ̀ rárá, gbogbo ilé ló sì gbọ́. Alága gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí bàbá jókòó, ó bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Oyèwùmí kò sẹ́ mọ́. Ó kàn ń wo ilẹ̀, bí ó ṣe wò ó lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n kọ ọ́ pé oko náà ti Mọ́ríátù ni. Ẹ má rò pé ìyẹn parí ìjà, ìjà kò parí. Wọ́n kàn fún wa ní ọlọ́pàá méjì, wọ́n ní kí a lọ rí ibojì.

A dé oko, ẹ̀gẹ́ bò ó pátápátá. Ebè lórí ebè. Mọ́ríátù dúró sí àárín rẹ̀, ó ń yíjú kiri. Kò sí òkúta, kò sí àmì kankan. Ẹni kan ṣoṣo ló mọ ibẹ̀, mo sì ti ń rò ó bí a ó ṣe máa padà lọ sílé lọ́wọ́ òfo, nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀ láti etí odò, òun nìkan, láìsí agbádá, ó dì mọ́ ọ̀pá rẹ̀.

Oyèwùmí kò kí wa. Ó gba àárín ebè kọjá, ó ń fi ojú ka igi, ó dúró. Ó fi ọ̀pá fa ìlà yí ibì kan ká, ó fa ẹ̀gẹ́ orí rẹ̀ tu, ó dà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá dúró síbẹ̀. Èmi mọ ohun tó ń dúró dè. Ó ń retí kí Mọ́ríátù kúnlẹ̀ kí òun, kí ó pe òun ní orúkọ tó sọ òun, kí òun lè dá a lóhùn, kí nǹkan kan tún lè rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ó ti la ẹnu.

Mọ́ríátù kúnlẹ̀. Ilẹ̀ ibojì ló kúnlẹ̀ lé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí bàbá náà.

Ó ní, “Oyèwùmí. O lè máa lọ.”

Láti ogójì ọdún, n kò rò pé ó pe orúkọ yẹn rí, ní gbangba tàbí ní ìkọ̀kọ̀. Bàbá náà wo ẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n pè. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ó gba ọ̀nà odò lọ.